Títún Ojú Iná Iwájú Ṣe Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Rẹ Ọkọ̀ Sílẹ̀

Bí wọ́n bá fi sípíríǹgì kúkúrú rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 níwájú, tí wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 4 lẹ́yìn, ibi tí iná kọjú sí kò yẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni pé iná náà ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 sún mọ́ ilẹ̀. Ìgbà tí iwájú àti ẹ̀yìn ò bá wálẹ̀ dọ́gba ni wàhálà dé. Bí ẹ̀yìn bá wálẹ̀ ju iwájú lọ, imú ọkọ̀ á gbé sókè, iná á máa gún ẹni tó ń bọ̀ lójú. Bó bá jẹ́ iwájú ló wálẹ̀ jù, iná á dorí kodò, kòtò á sì ti wà lábẹ́ táyà kí ẹ tó rí i.

Ẹ fi Corolla wò ó. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn lára Corolla tòkunbọ̀ ọdún 2003 sí 2013 tó kún Abuja, sẹ̀ǹtímítà 260 ni. Ká ní iwájú wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, ẹ̀yìn wálẹ̀ ní 5. Ìyàtọ̀ wọn ò ju 2 lọ, ojú lásán ò sì lè rí i. Ṣùgbọ́n kí iná tó dé ògiri tó wà ní mítà 10, sẹ̀ǹtímítà 2 yẹn ti di 7.7 sókè. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ iná dímù tó tọ́, sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 péré ni apá tó kọjú sí àwọn tó ń bọ̀ fi máa ń rẹlẹ̀ ní mítà 10. Ìyẹn ni pé gbogbo ààbò ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iná. Lójú ọ̀nà Lokoja lóru, níwájú awakọ̀ tírélà tó ti ń wakọ̀ láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Torí bẹ́ẹ̀, kí mẹkáníìkì tó tú nọ́ọ̀tì táyà àkọ́kọ́, ẹ mú téèpù. Ẹ wọn láti àárín gbùngbùn wíìlì dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀ gan-an, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ tún un wọ̀n, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni iye tí igun kọ̀ọ̀kan fi wálẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ táyà bá ti dínkù, iye tí ẹ ó rí á yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán kí ẹ tó ka èyí, ọkọ̀ irú tiyín tí ẹnikẹ́ni ò tíì rẹ̀ sílẹ̀ kò wọ́n ní Apo Mechanic Village. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ wọn tirẹ̀. Bí ọ̀tún àti òsì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ yàtọ̀ síra, sípíríǹgì ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe iná.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan síkúrù

Síkúrù ara iná ló gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Sípíríǹgì ni ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀, gígé ni wọ́n ń gé sípíríǹgì wọn. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe fún rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìdí tó jókòó pẹ́ẹ́ sínú àwo rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé, ẹnu irin tó gún ló ń tẹ̀ mọ́ àwo. Nígbà tí táyà bá já sínú kòtò, ó lè yẹ̀ kúrò ní ìjókòó rẹ̀, kó tún lọ jókòó síbòmíràn, gíga ọkọ̀ lónìí ò sì ní bá ti àná mu. Èyí tí wọ́n fi iná gáàsì sun kó lè wálẹ̀ ló burú jù, nítorí agbára irin náà ti kú, yóò máa wọlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, igun kan á sì máa yára ju èkejì lọ. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ tọ́ ojú iná irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò dúró. Ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì ná.

Sípíríǹgì tuntun tó dáa pàápàá máa ń wọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é. Ẹ tọ́ iná lọ́jọ́ náà kí ẹ lè rìn lálẹ́, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tàbí lẹ́yìn kìlómítà 300 sí 500. Ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe aláímẹ́ńtì táyà tán kí ó tó di pé ẹ tọ́ iná sọ́tùn-ún sósì.

Ọkọ̀ tó ń tọ́ iná ara rẹ̀ yàtọ̀. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lo iná HID (èyí tí wọ́n tún ń pè ní xenon), bíi àwọn Lexus kan, ní sẹ́ńsọ̀ kékeré tí wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín so mọ́ apá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn ní ti iwájú pẹ̀lú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bí ẹrù bá pọ̀ ní búùtù, kó sì tẹ iná wálẹ̀. Bí ẹ bá rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹrù ni sẹ́ńsọ̀ náà máa rò pé ẹ kó, yóò sì tẹ iná wálẹ̀ láìnídìí. Ẹni tó bá fi síkúrù gbé iná yẹn padà sókè ti kó bá ara rẹ̀, torí ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi kọ̀ǹpútà tún sẹ́ńsọ̀ ṣe, iná á fò lọ sójú ọ̀run. Sẹ́ńsọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò dá padà sí òdo, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láìsí ẹrù. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ṣe é fà gùn tàbí dínkù, ẹ tún un ṣe títí apá sẹ́ńsọ̀ fi padà sí bó ṣe dúró kí wọ́n tó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Fọ́tò kan tí ẹ bá ti fi fóònù yà tẹ́lẹ̀ yóò wúlò gan-an níbí. Ní ti ọkọ̀ tó ní bọ́tìnnì tó ń yí láti 0 dé 3 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ yí i sí 0, ó parí.

Ilẹ̀ àti ògiri

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rewáyà fi ń tàsé. Ilẹ̀ ọgbà tí wọ́n fi interlock tẹ́ ní Gwarinpa tàbí Lugbe máa ń dà gẹ̀rẹ́ sí gọ́tà, ojú ò sì ní mọ̀. Ohun tí bíríkìlà fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ dọ́gba ni kí ẹ lò: rọ́bà gbọọrọ tó mọ́ gaara, tí omi kún inú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kankan ò há sáàárín omi rẹ̀. Ẹ gbé ẹnu kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ẹnu kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, kí ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ojú omi ní ibi méjèèjì. Ẹ tún gbé e láti táyà iwájú dé ẹsẹ̀ ògiri, lẹ́yìn náà láti táyà ọ̀tún sí ti òsì.

Ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ kò burú bó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́ kan náà láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ògiri. Bó bá ń fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ọkọ̀, kó rí bẹ́ẹ̀ títí dé ògiri. Èyí tí kò dáa ni kí ọkọ̀ wà lórí gẹ̀rẹ́, kí iwájú ògiri sì tẹ́jú. Ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ wá ògiri tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, tó dúró ṣánṣán, tí àyè mítà 10 wà níwájú rẹ̀. Bí àyè ò bá tó, mítà 5 náà ṣe é lò, kí ẹ kàn pín iye tí ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi rẹlẹ̀ sí méjì (gíga iná láti ilẹ̀ ò yí padà), kí ẹ sì mọ̀ pé àṣìṣe kékeré lórí ògiri yóò di ìlọ́po méjì. Bí aago 7 alẹ́ bá ti kọjá, òkùnkùn á ti tó. Ẹ ní kí wọ́n pa iná ara fẹ́ǹsì.

Múmúra ọkọ̀

Ẹ fọ ojú iná. Lásìkò ọyẹ́, eruku ọjọ́ méjì péré tó láti sọ etí ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn lára ògiri, di fúlẹ́fúlẹ́. Bí gíláàsì rẹ̀ bá ti pọ́n bí omi ẹ̀kọ, ẹ fi sáńpépà 800, 1500 àti 2000 pẹ̀lú omi ha á, kí ẹ fi kọ́ńpáàùndì dán an, kí ẹ tó wá sídìí ògiri. Ẹ fa afẹ́fẹ́ táyà sí iye tó wà lára bébà ẹnu ọ̀nà awakọ̀, kí epo wà ní ìdajì táǹkì, kí táyà sípíà àti jáàkì wà ní àyè wọn, kí ẹ kó ìyókù ẹrù kúrò ní búùtù.

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó awakọ̀, nítorí ìwọ̀n kìlógíráàmù 75 ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó máa jókòó, àpò ìrẹsì 50 kan àti àpò 25 kan jẹ́ 75 gééré.

Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, ó ṣì ń dúró sókè ju bó ṣe yẹ lọ, torí táyà ò tíì yọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ẹ wà á lọ síwá sẹ́yìn ní mítà díẹ̀, kí ẹ tẹ iwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tẹ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ má fa búrééẹ̀kì ọwọ́.

Fífà ìlà sára ògiri

Ẹ kọ́kọ́ wakọ̀ sún mọ́ ògiri títí yóò fi ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Lójú ọ̀pọ̀ iná, àmì róbótó kékeré tàbí àgbélébùú wà tó ń fi àárín hàn. Bí kò bá sí, àárín gílóòbù ni. Ẹ wọn ún láti ilẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62. Ẹ fi téèpù bébà fa ìlà gbọọrọ sára ògiri ní 62, kí ẹ fi téèpù òòró sàmì sí ibi tí àárín iná kọ̀ọ̀kan wà. Kí ẹ wá padà sẹ́yìn tààrà di mítà 10, kí ẹ wọn ún láti ojú iná dé ògiri ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó dọ́gba.

Ìlà kejì ló fẹ́ làákàyè, nítorí ibi tí ọkọ̀ ti wá ló máa sọ ọ́. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ máa rí àwòrán iná kékeré pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 1.0% tàbí 1.2% nítòsí iná tàbí lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. 1.0% túmọ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 10, torí náà ìlà kejì á wà ní 52. Lára ojú iná tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, lẹ́tà VOR tàbí VOL ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ VOR, etí ìmọ́lẹ̀ apá ọ̀tún ni ẹ ń wò, ìlà 62 gan-an ló sì gbọ́dọ̀ bá. Apá òsì á rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ VOL, etí apá òsì ni, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 7 rẹlẹ̀ sí ìlà náà. Ibi tí kò bá ti sí àmì kankan, ẹ lo 1%.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ gan-an kó má baà dun ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ má gbà. Iná tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 62, tó fi 1% rẹlẹ̀, mítà 62 ni yóò ti kan ilẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé 2%, ó di mítà 31. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń jẹ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Màlúù tó bá dúró lójú ọ̀nà Keffi ní mítà 31 níwájú yín, ẹsẹ̀ yín ò ní tíì dé búrééẹ̀kì kí ẹ tó kọlù ú. Ìdí rèé tó tún fi yẹ kí ẹ mọ ibi tí rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ mọ: òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò fẹ́ kí iná dímù wà nísàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 50 sílẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì fẹ́ ínṣì 22, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56. Bí ọkọ̀ yín bá ti lọ sísàlẹ̀ iye yẹn, kò sí síkúrù tó máa dá ọ̀nà tí ẹ ti pàdánù padà.

Yíyí síkúrù

Ẹ tan dímù. Ẹ gbé páálí síwájú iná kan, kó má fara kàn án, torí ooru lè yọ́ ojú rọ́bà rẹ̀. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn iná, ẹ máa rí jíà rọ́bà kékeré funfun tàbí dúdú, tí ihò kan wà lókè rẹ̀ tó ń darí ẹnu sukudíráfà. Sukudíráfà olórí àgbélébùú nọ́ńbà 2, tó gùn, ló bá ọ̀pọ̀ mu. Àwọn mìíràn ń gba sípánà 8 tàbí 10, tàbí alínkíì 6. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, síkúrù tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sókè sísàlẹ̀ nìkan ló ní, ẹ má wá èyí tó ń gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí.

Kí ẹnìkan dúró sídìí ògiri, kó fi ìka sórí téèpù. Ẹ yí i ní ìdajì ìyípo, kí ẹ dúró, kí ẹ wò ó. Ẹ ka ìyípo, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lára iná tó ní ojú bọ́ọ̀lù, etí ìmọ́lẹ̀ mú bí abẹ, àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa hàn lẹ́bàá rẹ̀. Kì í ṣe búlúù yẹn ni kí ẹ gbé lé ìlà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ funfun ti já sí òkùnkùn ni. Lára iná àtijọ́, etí náà máa ń fẹ̀ tó ìka kan, àárín rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìmọ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ìlà díẹ̀, kí ẹ wá gbé e gòkè padà títí yóò fi bá a. Bí ẹ bá parí rẹ̀ lórí yíyí sísàlẹ̀, àyè díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù láàárín eyín jíà, kòtò àkọ́kọ́ tí ẹ bá sì kó sí, iná á sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ imú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tún wò ó. Bó bá yẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ wá gbé páálí sí èkejì.

Fún ti ẹ̀gbẹ́, ibi tí etí ìmọ́lẹ̀ ti ṣẹ́ gòkè bí ìgbọ̀nwọ́ ni ẹ ń wò. Kó bọ́ sórí téèpù òòró iná náà, tàbí kó fi díẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Kò gbọdọ̀ sún sósì. Iná fúùlù tó bá wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú dímù á tẹ̀ lé e. Èyí tó bá dá wà ní síkúrù tirẹ̀, àárín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù ni kó bọ́ sórí ìlà òkè.

Ohun tí síkúrù ò lè wò sàn

Bí ìgbọ̀nwọ́ ìmọ́lẹ̀ bá gòkè lápá òsì dípò ọ̀tún, iná ọkọ̀ ìlú tí wọ́n ti ń wa òsì ni wọ́n tà fún yín, bíi Ìlú Ọba tàbí Japan. Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì láti ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972. Irú iná yẹn, bó ti wù kí ẹ yí i tó, àwọn tó ń bọ̀ ló máa tàn sí. Àwọn kan tó ní ojú bọ́ọ̀lù ní irin kékeré nínú tó ń yí i láti òsì sí ọ̀tún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá ní, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí ẹ tó sanwó fún iná tòkunbọ̀ lọ́jà, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tàn án sára ògiri.

Gílóòbù LED nínú iná tí wọ́n ṣe fún halogen ni ìdí kejì. Àwo dídán inú iná náà, ibi tí wáyà gbígbóná halogen wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí LED bá fi mìlímítà kan yẹ̀, etí ìmọ́lẹ̀ á pòórá, ẹ óò wá máa yí síkúrù láìrí ohun tí ẹ ń tọ́. Bó bá di dandan kí ẹ lò ó, kí ojú LED méjèèjì kọjú sọ́tùn-ún àti sósì, bí aago 3 àti 9, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ halogen H4 ni iná yín ń lò, èyí tó jẹ́ wáàtì 60/55 ló tọ́. 100/90 máa ń yọ́ rọ́bà ìdí rẹ̀.

Bí síkúrù bá ń yí tí ìmọ́lẹ̀ ò sì mira, nọ́ọ̀tì rọ́bà inú rẹ̀ ti já. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gbọ̀n lára ògiri nígbà tí ẹ fi ìka ti iná, etí tí wọ́n fi dè é ti kán, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti kọlu nǹkan rí. Wáyà tí wọ́n fi so ó kò tó. Ẹ wá etí tuntun tàbí iná mìíràn.

Nígbà tí ẹrù bá wọlé

Ẹ má tíì tú téèpù kúrò lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ kó ẹrù tó tó èyí tí ẹ fi ń lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn nígbà ọdún sí búùtù, iṣu àti àpò ìrẹsì pọ̀, kí ẹ tún wo iye tí ìmọ́lẹ̀ fi gòkè. Ọkọ̀ tó ní bọ́tìnnì, ẹ yí i láti 0 lọ sí 1, 2 tàbí 3 títí ìmọ́lẹ̀ fi padà sórí ìlà, kí ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Èyí tí kò ní, tí kì í sì í tọ́ iná ara rẹ̀, ẹ yí síkúrù sísàlẹ̀ títí yóò fi kọjá ìlà díẹ̀, kí ẹ gbé e gòkè padà bá a, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ ìyípo rẹ̀: bíi ìyípo kan ààbọ̀ fún iná ọ̀tún, méjì fún ti òsì. Ẹ lẹ bébà náà mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa kó ẹrù, iye ìyípo yẹn ni ẹ ó yí kí ẹ tó gbéra, òun náà ni ẹ ó sì yí padà nígbà tí ẹ bá já ẹrù sílẹ̀.